MOJỌLÁ ÀGBÉBÍ: ẸNI TÓ JÁDE, TÓ SÌ TÚN KÓ WỌN JỌ

Nígbà tí àwa ìgbìmọ̀ ìwé yìí jókòó láti yan ẹni tí a ó kọ ìtàn rẹ̀, a kò wá olówó, a kò sì wá ológun. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń pa ẹgbẹ́ pọ̀ la wá. Gbogbo wa la rántí ọdún tí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká níhìn-ín ní Òkè-Àdó, tí àwọn kan kò fẹsẹ̀ kan ibi ìpàdé fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Méjì nínú àwa tó kọ ìtàn yìí wà lára àwọn tó lọ. Ìdí nìyẹn tí ìtàn Mojọlá Àgbébí fi wọ̀ wá lára.

Iléṣà ni wọ́n bí i sí ní oṣù kẹrin ọdún 1860. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìwàásù lábẹ́ ìjọ C.M.S. David Brown Vincent ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà, nítorí láyé ìgbà náà, orúkọ òyìnbó ni àmì pé ẹnì kan ti di onígbàgbọ́. Ó kàwé lọ́dọ̀ C.M.S. ní Èkó, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, nígbà tó sì yá, ó bá àwọn Onítẹ̀bọmi lọ.

Àwọn Onítẹ̀bọmi kò tíì pẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà. Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Ó dé Ìjàyè ní 1853, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ṣùgbọ́n ogun Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, ogun abẹ́lé sì ń jà ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Owó kò wá mọ́, àwọn míṣọ́nnárì sì lọ tán. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ló ń ṣọ́ iná náà kí ó má bàa kú, títí míṣọ́nnárì fi tún padà wá ní 1875. Ẹni tó bá ti ṣọ́ iná báyìí kò ní fẹ́ kí wọ́n padà wá máa pè é ní ọmọdé nídìí ààrò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní Èkó ní 1888. Míṣọ́nnárì W. J. David ló ń darí iṣẹ́ náà. Moses Ladejo Stone, ọmọ ilẹ̀ wa, ni pásítọ̀. Àríyànjiyàn dé lórí owó iṣẹ́ Stone, míṣọ́nnárì sì yọ ọ́ níṣẹ́ láìbi ìjọ léèrè. Nínú ètò Onítẹ̀bọmi, àwọn ọmọ ìjọ ló ni ìjọ, àwọn ló sì ń gba pásítọ̀ tàbí kí wọ́n dá a dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wò ó pé ẹ̀tọ́ àwọn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n jáde, wọ́n sì dá Native Baptist Church sílẹ̀, ìjọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ń ṣàkóso tí wọ́n sì ń fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà rẹ̀. Vincent wà lára àwọn tó síwájú wọn.

Láti ìgbà náà ló ti ń wo ara rẹ̀ àti ìjọ yẹ̀ wò. Ní 1894 ó pa orúkọ Vincent tì, ó sọ ara rẹ̀ ní Mojọlá Àgbébí, aṣọ Yorùbá nìkan ló sì ń wọ̀. Ní 1898 ó di ààrẹ àpapọ̀ àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi adúláwọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó wàásù kiri títí dé agbègbè ẹnu odò Ọya. Ní 1902, níbi ọdún kìíní African Church ní Èkó, ó là á mọ́lẹ̀ pé ìwé orin òyìnbó, orúkọ òyìnbó àti aṣọ òyìnbó kì í ṣe ara ìgbàgbọ́. Ní 1911 ó dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi àpérò gbogbo ẹ̀yà ènìyàn àgbáyé, ó sì ṣàlàyé àṣà wa fún wọn láìtijú.

Bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, ìyapa náà ní owó tó ń náni. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti míṣọ́nnárì ń bẹ lọ́tọ̀, ti ọmọ ilẹ̀ ń bẹ lọ́tọ̀, Olúwa kan náà ni wọ́n sì ń sìn. Ìjọ tó dá dúró lè sanwó pásítọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn kó dá nìkan rán oníwàásù lọ sí ìlú mìíràn, tàbí kó dá nìkan kọ́ àwọn tí yóò di pásítọ̀ lọ́la. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọdún 1914 wá dé. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, kò sì bi ará ilé tàbí ará oko léèrè. Ní oṣù kẹta, àwọn Onítẹ̀bọmi ṣe ìdàpọ̀ tiwọn níhìn-ín ní Ìbàdàn, ìlú tó fọ́ Ìjàyè mọ́ wọn lórí ní ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn. Tinútinú ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Àwọn ìjọ tó wà lọ́dọ̀ míṣọ́nnárì àti àwọn tó ti jáde jókòó pọ̀, wọ́n sì dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́? Àgbébí ni, ọ̀kan lára àwọn tó síwájú àwọn tó jáde ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún wa. Àjọ náà kò gbé ìjọ kankan mì. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ṣì ń pe pásítọ̀ rẹ̀, òun ló ṣì ni àpò rẹ̀, òun ló sì ń fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí apá ìjọ kan kò lè ká ni wọ́n gbé síwájú àjọ, pàápàá iṣẹ́ ìhìnrere níbi tí kò tíì dé. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ń rán aṣojú wá sí ìpàdé ọdọọdún, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́, wọ́n sì ń dá owó jọ fún èyí tó kàn. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde ní 1888 kò sọnù nígbà tí wọ́n padà ní 1914. Inú ètò àjọ náà ló wà.

Àgbébí kò pẹ́ lórí àga náà. Ó kú ní Èkó ní oṣù karùn-ún ọdún 1917, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n àjọ náà kò bá a kú. Ní 1919 ó di Nigerian Baptist Convention, Ìbàdàn yìí náà sì ni olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Bowen University ní Ìwó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, jẹ́ ọ̀kan nínú èso àjùmọ̀ṣe wọn.

Ẹ̀yin ojúgbà wa, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe Onítẹ̀bọmi, àwọn mìíràn sì jẹ́ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ẹni tó bínú jáde nítorí ẹ̀tọ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹgbẹ́, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò di ààrẹ rere lọ́la. Ẹni tó jókòó nílé náà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó lé ẹnìkejì lọ. Ní ọdún tí wàhálà wa yanjú, a kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ẹnì kan kò ní dá nìkan pinnu lórí owó gbogbo wa mọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. A ó ṣe ogún ọdún, a ó ṣe ọgbọ̀n, a ó sì pé pérépéré. Àmín.