Latunde Odeku: Ọmọ Awẹ́ tó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ n'Ìbàdàn

Ilé ìkàwé kan wà nínú ọgbà UCH n'Ìbàdàn tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni E. Latunde Odeku. Ọ̀pọ̀ ló ń pe orúkọ yìí láì mọ̀ pé ọmọ Awẹ́ ni ẹni tó ni í, Awẹ́ tó múlé ti ìlú Ọ̀yọ́ tímọ́tímọ́. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ yanjú, tó sì padà wá ṣe é nílé.

Ọdún méjìlá péré ló fi ṣe iṣẹ́ náà n'Ìbàdàn kó tó dágbére fáyé. Àmọ́ láàárín ọdún méjìlá yẹn, ó fi ohun kan sílẹ̀ tó ju ká la orí aláìsàn lọ: bí dókítà ṣe ń wádìí ohun tó rí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti Èkó dé Amẹ́ríkà

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1927 ni wọ́n bí Latunde Odeku. Èkó ló ti kàwé ní kékeré, ní St. John's ní Àrólọ́yà, kó tó lọ sí Methodist Boys' High School. Nígbà tó ṣe tán, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, ó sì forí lé Fásitì Howard ní Washington. Fásitì yìí ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lásìkò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ míì l'Ámẹ́ríkà ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ìmọ̀ nípa ẹranko ló kọ́kọ́ kà, ó sì gba oyè náà pẹ̀lú èsì tó ga jù lọ lọ́dún 1950. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti orí tábìlì nìkan. Inú láàbù ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ la ẹ̀dá, tó ń ya ohun tó rí sínú ìwé, tó sì ń fi èyí wé tọ̀hún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìyẹn lọ́dún 1954, ó di dókítà ní Howard kan náà.

Ó wá lọ sí Fásitì Michigan ní Ann Arbor, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lábẹ́ Edgar Kahn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà l'Ámẹ́ríkà nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ló padà sí Howard láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí ọpọlọ àti iṣan ara ṣe rí.

Dókítà tó bá mọ irú iṣẹ́ yìí láyé ìgbà yẹn, kò sí bí ebi ṣe máa pa á l'Ámẹ́ríkà. Síbẹ̀, lọ́dún 1962, Odeku di ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí Ìbàdàn.

Ibi tí kò tíì sí nǹkan kan

Ọdún méjì péré ni Nàìjíríà fi gba òmìnira nígbà tó dé. Ilé ìwòsàn UCH ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Kí wọ́n tó ṣí i lọ́dún 1957, ìdajì ẹ̀kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kọ́ n'Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń lọ parí èyí tó kù. Ti iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kò sí ẹ̀ka kankan fún un. Odeku ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí pé kò sí ẹ̀rọ CT scan láyé nígbà yẹn. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í yẹ orí èèyàn wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí dókítà tó mọ ibi tí kókó wà nínú ọpọlọ, ó gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn wò fínnífínní: ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló rọ ni àbí ti òsì, ṣé ojú ń ríran, ṣé ọ̀rọ̀ ń já gaara. Bó bá yá, wọ́n á fa oògùn kan sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí àyè tí omi wà nínú ọpọlọ, kí X-ray lè fi nǹkan hàn.

Ìṣòro kejì wà tó le ju ti ẹ̀rọ lọ. Ara àwọn aláìsàn ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí dókítà ń kà. Àìsàn wo ló wọ́pọ̀ nínú orí ọmọ Yorùbá, ọmọ Hausa tàbí ọmọ Igbo? Wọn ò tíì kọ ọ́ síbì kankan tí èèyàn lè ṣí kà. Àfi kí ẹni tó wà nílé jókòó, kó ka àwọn aláìsàn tó rí lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ àwùjẹ̀

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo ìyá máa mọ̀. Àwùjẹ̀ ni ibi rírọ̀ tó wà lókè orí ọmọ tuntun, tó máa ń mì kí eegun tó pa dé. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń bí pẹ̀lú kókó rírọ̀ kan lórí àwùjẹ̀ yìí, tí kókó náà á sì máa tóbi díẹ̀díẹ̀. Ojú lásán lè tan dókítà jẹ, kó rò pé ọpọlọ tàbí awọ tó bò ó ló yọ síta. Bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú àwọn méjèèjì ò jọra rárá.

Odeku àti Adelola Adeloye, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní UCH, kó àwọn ọmọ tó ní i jọ sójú kan nínú ìwádìí wọn. Wọ́n yọ kókó náà, wọ́n sì gbé e lọ sí láàbù. Ohun tí wọ́n rí ni pé abẹ́ awọ orí ló wà, lókè eegun, omi ló kún inú rẹ̀, kò sì wọnú ọpọlọ. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yọ ọ́ láìséwu. Lọ́dún 1971, ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà yẹn, ó jọ pé ọmọ adúláwọ̀ nìkan ló ń ní i. Nígbà tó yá, àwọn dókítà láwọn ilẹ̀ míì náà rí i lára ọmọ tiwọn, wọ́n sì kọ ọ́. Ìyẹn ò ba iṣẹ́ ti Ìbàdàn jẹ́. Àkọsílẹ̀ tó ṣe kedere ló jẹ́ kí àwọn tó wá lẹ́yìn mọ ohun tí wọ́n ń wò. Títí dòní, àwọn dókítà kan ṣì ń fi orúkọ Adeloye àti Odeku pe kókó náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú láàbù

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ wádìí ọpọlọ gbọ́dọ̀ kọ́ sùúrù. Ọpọlọ tútù rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, ọ̀bẹ ò lè gé e dáadáa. Inú oògùn fọ́málìnì ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè le. Wọ́n á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á fi àbẹ́là gbígbóná ká èyí tí wọ́n bá mú nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ló máa wá fá a tín-ín-rín, débi pé irun orí ẹyọ kan nípọn tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe fá a yẹn, kò ní àwọ̀ kankan. Ẹ ò rí i bí aláró ṣe ń rẹ aṣọ funfun? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń rẹ ẹ́ ní aró oríṣi méjì: ọ̀kan á sọ ọkàn inú sẹ́ẹ̀lì di àwọ̀ aró, èkejì á sọ ìyókù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni máíkírósíkóòpù tó máa fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi orúkọ kọ sára ìgò níbẹ̀rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ yìí ti wọmi. Bí kò bá wo èyí tó dá ṣáṣá mọ́ èyí tó ń ṣàìsàn, kò ní mọ ìyàtọ̀. Irú ẹ̀kọ́ yìí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn LAUTECH ń kọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó wọ wọ́ọ̀dù. Ọdún 1990 ni wọ́n dá fásitì náà sílẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí Odeku ti kú.

Iṣẹ́ pọ̀, ọjọ́ kúrú

Odeku di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì tún di díìnì ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Fásitì Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìwádìí tó tẹ̀ jáde lórúkọ rẹ̀ lé ní 50. Ó tún ń kọ ewì: ìwé ewì rẹ̀ méjì, Twilight: Out of the Night àti Whispers from the Night, jáde lẹ́yìn tó padà sílé.

Àmọ́ àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra ní gbogbo àsìkò yìí. Ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọdún 1974 ló jáde láyé ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún 47 ni.

Ẹ̀ka tó dá sílẹ̀ ò bá a kú. Adeloye àtàwọn míì gba iṣẹ́ náà ṣe, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ Nàìjíríà ti kọ́ṣẹ́. Ìyá tó bá gbé ọmọ tó ní kókó lórí àwùjẹ̀ wá sílé ìwòsàn lónìí lè má gbọ́ orúkọ Odeku rí. Dókítà tó máa sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, ohun tí Odeku àti Adeloye kọ sílẹ̀ n'Ìbàdàn ló ń bá a ṣiṣẹ́.