Thurgood Marshall: Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Ní ọdún 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì gba ìwé ẹ̀rí dìgírì ní Yunifásítì Lincoln, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni Nnamdi Azikiwe, Zik tí gbogbo wa mọ̀, tó padà wálé wá bá àwọn òyìnbó amúnisìn wọ̀yá ìjà. Ìkejì kò ní ilé mìíràn tó máa padà sí, torí pé ilé rẹ̀ gan-an ni ìjà tirẹ̀ wà. Thurgood Marshall lorúkọ rẹ̀.

Òun ni lọ́yà tó ṣáájú nínú ẹjọ́ tó fòpin sí òfin tó ya ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 1954. Bí ẹ bá bi àwọn òpìtàn pé ọjọ́ wo ni nǹkan yí padà ní Amẹ́ríkà ayé òde òní, ọjọ́ yẹn máa wà lára èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tí mo wà ní fákọ́tì òfin, ìlà méjì péré ni wọ́n fi sọ ọ́ fún wa, a sì kọjá sórí nǹkan mìíràn. Èmi náà rò pé ńṣe ni ọkùnrin kan dìde lọ́jọ́ kan, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ayé sì yí padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan bí 20 ọdún ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìdí ògiri yẹn kó tó wó.

Ìlú Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n ti bí Marshall ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1908. Thoroughgood ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ ó sú ọmọ náà láti máa to gbogbo lẹ́tà yẹn tẹ̀lé ara wọn nílé ìwé, ló bá gé orúkọ náà kúrú fúnra rẹ̀. Ẹ ti mọ irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún èrò nínú ọkọ̀ ojú irin, tíṣà sì ni ìyá rẹ̀. Bàbá yìí kò ka òfin, àmọ́ ó fẹ́ràn láti máa lọ jókòó ní kọ́ọ̀tù, kó máa wo bí àwọn lọ́yà ṣe ń fà á, a sì máa mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Tí wọ́n bá délé, ìdí tábìlì oúnjẹ náà á di kọ́ọ̀tù: ohun yòówù kí ọmọ sọ, àfi kó mú ẹ̀rí wá.

Nílé ìwé, ọmọ náà lágídí. Ìyà tí wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́ ni pé kó lọ jókòó sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé, kó máa ka ìwé òfin Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n lórí. Ó rí i nínú ìwé náà pé òfin gbọ́dọ̀ dáàbò bo gbogbo èèyàn bákan náà. Ó wo ìta, kò rí ohun tó jọ ọ́.

Kí ló fà á? Ní 1896, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti dá a nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Plessy àti Ferguson pé kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n ya dúdú kúrò lára funfun, bí ohun tí wọ́n fún apá méjèèjì bá ṣáà ti dọ́gba. Orí ìdájọ́ yẹn ni àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà dúró lé: ilé ìwé ọ̀tọ̀, ọkọ̀ ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ omi ọ̀tọ̀. Wọ́n rántí ìyàsọ́tọ̀ dáadáa. Ìdọ́gba yẹn ni wọ́n gbàgbé.

Marshall fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin. Yunifásítì Maryland ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Baltimore níbẹ̀, àmọ́ wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú. Ló bá gba Yunifásítì Howard lọ, ní Washington. Ìyá rẹ̀ fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ dógò kí owó ilé ìwé lè pé. Owó yàrá kò sí, torí náà ojoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, tó tún ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Ní 1933, òun ló gbapò kìíní ní kíláàsì rẹ̀.

Ní Howard ló ti bá ẹni tó tún ayé rẹ̀ ṣe pàdé, Charles Hamilton Houston, olórí fákọ́tì náà. Houston kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé lọ́yà aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ rí owó nìkan, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Òun àti Marshall jọ wa mọ́tò káàkiri gúúsù, wọ́n ń wo ilé ìwé àwọn ọmọ dúdú: òrùlé tó ń jò, pátákó tó ti já.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Wọn kò lọ bá Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pé kó fagi lé ìdájọ́ 1896 lójú ẹsẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n máa fìdí rẹmi, ìdájọ́ tuntun yẹn á sì tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní, ó dáa, ẹ̀yin lẹ ní ó gbọ́dọ̀ dọ́gba; ẹ fi hàn wá pé ó dọ́gba. Ilé ẹ̀kọ́ òfin ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, kì í ṣe ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé ìpínlẹ̀ púpọ̀ kò tilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ òfin kankan fún aláwọ̀ dúdú, kò sì sí adájọ́ tí kò mọ ohun tó ń mú ilé ẹ̀kọ́ òfin dáa.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1935, ọ̀dọ́kùnrin kan, Donald Gaines Murray, fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Maryland, wọ́n sì lé e padà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Marshall àti Houston gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n sì borí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní 1936. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ Marshall, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i fún ẹlòmíì.

Ní 1936 kan náà ló kó lọ sí New York láti bá NAACP ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1940, ó dá ẹ̀ka àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ojú ọ̀nà ló ń gbé. Ó jà kí owó oṣù tíṣà dúdú bá ti tíṣà funfun dọ́gba. Ní 1944, ó borí ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní Texas, tí kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé. Ní 1948, wọ́n gba ìdájọ́ pé kọ́ọ̀tù kò gbọ́dọ̀ bá àwọn onílé gbèjà àdéhùn pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ ra ilé ládùúgbò wọn.

Ẹ má rò pé inú ọ́fíìsì tútù ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó máa gbà á, ilé àwọn aráàlú ló ń sùn. Ní oṣù Kọkànlá 1946, lẹ́yìn ẹjọ́ kan ní ìlú Columbia, ìpínlẹ̀ Tennessee, àwọn ọlọ́pàá dá mọ́tò wọn dúró lóru. Wọ́n ní Marshall mutí yó, wọ́n fi òun nìkan sínú mọ́tò tiwọn, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa lọ. Ọ̀nà odò ni wọ́n gbé e gbà. Ẹni tó bá mọ ìlú yẹn mọ ohun tí wọ́n máa ń fi aláwọ̀ dúdú ṣe létí odò lóru. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀, wọ́n tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá rí i pé ojú ń wo àwọn, wọ́n yí padà sáàárín ìlú, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ adájọ́. Adájọ́ náà gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, ó ní ọkùnrin yìí kò mu nǹkan kan. Bó ṣe ṣẹ́ kù nìyẹn.

Ní 1950, ẹjọ́ méjì bọ́ sí i lọ́wọ́. Texas kò fẹ́ kí Heman Sweatt, tó ń pín lẹ́tà, wọ yunifásítì wọn, ni wọ́n bá sáré dá ilé ẹ̀kọ́ òfin mìíràn sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ti funfun ní akẹ́kọ̀ọ́ 850 àti ìwé 65,000 nínú ilé ìkàwé rẹ̀. Ti dúdú ní akẹ́kọ̀ọ́ 23 àti ìwé 16,500. Ní Oklahoma, wọ́n gba George McLaurin, ọkùnrin tó ti lé ní 60 ọdún, wọlé, àmọ́ yàrá ẹ̀gbẹ́ kíláàsì ni wọ́n ní kó ti máa gbọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n sì ya tábìlì ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún un nínú ilé ìkàwé. Marshall borí nínú méjèèjì. Ìdájọ́ 1896 ṣì wà lórí ìwé, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Ó wá ku àwọn ọmọdé. Bọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Clarendon, ní South Carolina. Àgbẹ̀ kan, Levi Pearson, ní kí ìjọba fún àwọn ọmọ dúdú ní bọ́ọ̀sì ilé ìwé bíi ti àwọn ọmọ funfun. Kọ́ọ̀tù lé ẹjọ́ rẹ̀ dànù ní 1948, torí pé ààlà agbègbè ilé ìwé gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Àwọn oníṣòwò funfun sì kọ̀ láti tà fún un láwìn. Nígbà tí àwọn ẹlòmíì dìde lẹ́yìn rẹ̀, Harry Briggs pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé epo, ìyàwó rẹ̀ náà pàdánù tirẹ̀. Wọ́n dáná sun ilé Pásítọ̀ Joseph DeLaine àti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní Farmville, ní Virginia, ọmọbìnrin ọdún 16 kan, Barbara Johns, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní 1951 nítorí pé ilé ìwé wọn kò dáa. Ìdílé Oliver Brown ní Topeka, ní Kansas, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ wọn ló sì wá mọ́ ẹjọ́ náà lára. Ẹjọ́ márùn-ún ni wọ́n pa pọ̀.

Marshall ro ẹjọ́ náà ní oṣù Kejìlá 1952, wọ́n sì ní kó tún wá rò ó ní oṣù Kejìlá 1953. Láàárín ìgbà yẹn, Adájọ́ Àgbà Fred Vinson kú, Earl Warren sì bọ́ sípò. Nígbà tí ìdájọ́ dé, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fẹnu kò: kò sí bí ìyàsọ́tọ̀ ṣe lè jẹ́ ìdọ́gba nílé ìwé.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní 1955, ilé ẹjọ́ kan náà ní kí àwọn ìpínlẹ̀ mú àṣẹ náà ṣẹ, àmọ́ kò dá ọjọ́ fún wọn. Àwọn tí kò fẹ́ sì rí ihò gbà. Ní 1957, Ààrẹ Eisenhower ní láti rán sójà lọ sí Little Rock kí ọmọ mẹ́sàn-án lè wọ kíláàsì. Ní 1959, agbègbè tí Farmville wà kúkú ti gbogbo ilé ìwé ìjọba pa, ó di 1964 kí wọ́n tó ṣí i. Ọ̀pọ̀ tíṣà dúdú pàdánù iṣẹ́ nígbà tí wọ́n da ilé ìwé pọ̀. Ikú sì wọlé Marshall fúnra rẹ̀: jẹjẹrẹ pa ìyàwó rẹ̀, Vivian, ní oṣù Kejì 1955.

Kì í ṣe áńgẹ́lì náà o. Kò fi bẹ́ẹ̀ gba ti ìwọ́de ìta gbangba, ó gbà pé kọ́ọ̀tù ni ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn lọ́yà tó kó jọ ló ń gba àwọn olùwọ́de sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìwé ìjọba fi hàn pé ó máa ń bá àwọn FBI sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 nípa àwọn Kọ́múníìsì nínú ẹgbẹ́. Ní tèmi, mo rò pé ó ṣi ọ̀rọ̀ ìwọ́de mú. Ẹsẹ̀ àwọn tó rìn ní Montgomery àti ìdájọ́ kọ́ọ̀tù ní 1956 ló jọ parí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú yẹn. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì náà ló ń wẹ ọ̀tún.

Nínú ẹjọ́ 32 tó rò níwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ó borí nínú 29. Ní 1967, Ààrẹ Lyndon Johnson yàn án sí ilé ẹjọ́ náà, aṣòfin àgbà 69 fọwọ́ sí i, 11 kọ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn adájọ́ tó ń ronú bíi tirẹ̀ ń dín kù. Ní 1974, nínú ẹjọ́ ilé ìwé ìlú Detroit, ó wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń jin ohun tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kọ́ lẹ́sẹ̀, ó kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn. Ó fẹ̀yìn tì ní 1991, ó sì kú ní ọjọ́ 24, oṣù Kìíní, ọdún 1993, lẹ́ni ọdún 84.

Ìdí tí mo fi kọ ìtàn yìí ni pé àwa èwe ìwòyí fẹ́ràn ọjọ́ ńlá. A fẹ́ 1954 láìfẹ́ 1935. Tí a bá ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan tí kò yọrí, a ó ní kò sí ohun tó lè yí padà, ká kúkú sinmi. Àmọ́ ẹ rántí Levi Pearson. Bọ́ọ̀sì ló béèrè, kò rí i gbà, ó sì jìyà nítorí rẹ̀. Lójú ẹni tó bá rí i lọ́dún 1948, ó ti fìdí rẹmi. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹjọ́ tó kọ́kọ́ gbé dìde wà lára ohun tó wó ògiri ọdún 58. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n lé e kúrò ní kọ́ọ̀tù pé ibi tó máa já sí nìyẹn.