Nnamdi Azikiwe: Akọ̀wé Ìjọba ní Èkó Tó Wá Ẹ̀kọ́ Gíga Lọ sí Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá gba Ìyànà-Ìbà kọjá láàárọ̀ yóò rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní Ọ̀jọ́. Ìjọba Olóògbé Alhaji Lateef Jakande ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1983. Láti Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmáíkò, akẹ́kọ̀ọ́ lè jí nílé àwọn òbí rẹ̀, kí ó lọ gba ẹ̀kọ́ yunifásítì, kí ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Síbẹ̀, a rí nínú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wọ̀nyí tí ọkàn wọn fà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní òkè òkun, pàápàá jù lọ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí irú wọn mọ ìtàn ẹni tó ti rin ọ̀nà náà láti Èkó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹni náà ni Olóògbé Dókítà Nnamdi Azikiwe, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Zik, Ààrẹ àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Ìbí àti ìgbà èwe rẹ̀

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1904, ni a bí Azikiwe ní ìlú Zungeru, ní òkè Ọya. Ọmọ Onitsha ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Obed-Edom Chukwuemeka Azikiwe, jẹ́ akọ̀wé lábẹ́ ìjọba amúnisìn, iṣẹ́ yìí ló sì gbé ìdílé náà dé ibẹ̀. Èdè Hausa ni ọmọ náà kọ́kọ́ ń sọ já gaara, èyí ló sì mú kí bàbá rẹ̀ rán an lọ sí Onitsha kí ó lè gbọ́ èdè àwọn baba ńlá rẹ̀, kí ó sì mọ àṣà wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó dé Èkó, ó sì gbọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú. Báyìí ni Zik ṣe dàgbà di ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́ta tó gbilẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà.

Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Hope Waddell ní Calabar, kí ó tó padà sí Èkó láti parí ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ní Methodist Boys' High School, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ Wẹ́sílì dá sílẹ̀ ní ọdún 1878. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ ìdílé ńláńlá ní Èkó àti Rẹ́mọ ti di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ tó wúlò fún un nígbà tó di òṣèlú.

Ọ̀rọ̀ tí Aggrey sọ

Ní àkókò tí à ń wí yìí, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣáájú gbogbo àwọn yòókù, kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1948. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown, tí àwọn ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní ọdún 1827, ni ibi tí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti lè gba oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ láìsọdá òkun ńlá. Àwọn tí wọ́n lówó lọ́wọ́ a máa rán ọmọ wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìmọ̀ ìṣègùn. Kò wọ́pọ̀ rárá kí ọmọ akọ̀wé ìjọba ronú láti lọ sí Amẹ́ríkà.

Ẹni tó ṣí ojú Zik sí ọ̀nà yìí ni Dókítà James Emman Kwegyir Aggrey. Ọmọ ìlú Anomabu ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni Aggrey. Ó ti lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1898, ó kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Livingstone ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes ń rin ìrìnàjò kiri Áfíríkà ní ọdún 1920 sí 1921 láti wádìí bí ètò ẹ̀kọ́ ṣe rí, Aggrey wà lára wọn, ó sì dé Èkó. Zik wà lára àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí Aggrey tẹnu mọ́ ni pé kí ọ̀dọ́ Áfíríkà lọ wá ìmọ̀ gíga ní òkè òkun, kí ó sì padà wá tún ilé ṣe. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ó fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní àkójọ orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gba ènìyàn dúdú wọlé ní Amẹ́ríkà.

Ohun iyebíye ni àkójọ náà. Ní ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà ni kò fàyè gba ènìyàn dúdú rárá. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè máa kọ̀wé láti ọdún dé ọdún sí ibi tí wọn kò ní dá a lóhùn.

Ìwé ìgbàwọlé dé, ọ̀nà kò sí

Ní ọdún 1921, Zik di akọ̀wé ní ẹ̀ka tó ń mójú tó ìṣúra ìjọba ní Èkó. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ òbí ń fi taratara wá fún ọmọ wọn ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ló ti rí i kedere pé ojú tí ìjọba amúnisìn fi ń wo òṣìṣẹ́ dúdú kọ́ ni wọ́n fi ń wo òyìnbó. Èyí mú kí ìfẹ́ ẹ̀kọ́ gíga túbọ̀ gbóná lọ́kàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà láti béèrè fún àyè. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé lẹ́tà lọ, òun náà ló sì ń gbé èsì bọ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé ní láti ní sùúrù.

Èsì dé láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Storer ní ìlú Harpers Ferry, ìpínlẹ̀ West Virginia. Wọ́n gbà á, bí ó bá ti lè fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwé ìgbàwọlé ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní owó ọkọ̀.

Zik bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní ọdún 1924, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bá awakọ̀ òkun kan ṣe àdéhùn pé kí ó fi wọ́n pamọ́ sínú ọkọ̀ tó ń lọ. Wọn kò rìn jìnnà tí àìsàn fi kọlu ọ̀kan nínú wọn, a sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Sekondi, ní Gold Coast. Bí a bá wo títì Èkó sí Badagry tó gba Òkòkòmáíkò kọjá, tó sì jáde sí ojú ọ̀nà etíkun tó lọ sí Kútọnu, Lomé àti Accra, a ó rí i pé ibi tí ìrìnàjò náà parí sí kò kọjá ibi tí mọ́tò lè gbé ènìyàn dé lónìí. Amẹ́ríkà ṣì jìnnà réré.

Ojú tì í láti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Gold Coast, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí ìyá rẹ̀ fi gbéra láti Nàìjíríà wá bá a, tó sì pàrọwà fún un pé kí ó padà wálé. Zik gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ gbà láti ná owó lórí ìrìnàjò náà. Ohun tí fífara pamọ́ kò lè ṣe fún un, àtìlẹ́yìn òbí ṣe é.

Ní ọdún 1924 yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun tó dín iye àwọn àjèjì tó lè wọ ilẹ̀ náà kù gidigidi. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀: ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 15, tí ẹ̀kọ́ nìkan bá sì gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba wọn fọwọ́ sí, lè wọlé. Nítorí náà, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà láti ilé-ẹ̀kọ́ wúlò ju ìgboyà tí ènìyàn fi ń sá pamọ́ sínú ọkọ̀ lọ.

Láti Storer dé Lincoln

Ní ọdún 1925, Zik rin ìrìnàjò náà ní gbangba, ó sì dé Harpers Ferry. Ọdún 1867 ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Storer sílẹ̀, lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, fún ẹ̀kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú oko ẹrú. Ní orí òkè ló wà, nítòsí ibi tí odò Potomac àti odò Shenandoah ti pàdé. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni, tó ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún yunifásítì. Zik ṣe ọdún méjì níbẹ̀, ó sì tún ní láti wá àyè sí ibòmíràn.

Ní ọdún 1927, ó wọ Yunifásítì Howard ní Washington, níbi tó ti jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn olùkọ́ pàtàkì bí Alain Locke. Owó tó mú láti ilé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnáwó tó wà níwájú rẹ̀. Ó fọ abọ́, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, ó sì ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ agbára mìíràn kí ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì rí oúnjẹ jẹ. Ní ọdún 1929, tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ó kúrò ní Howard lọ sí Yunifásítì Lincoln ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ibẹ̀ ló ti gba oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní ọdún 1930, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó dé Amẹ́ríkà.

Kò dúró síbẹ̀. Ó gba oyè kejì ní Lincoln àti ní Yunifásítì Pennsylvania, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia, ó sì di olùkọ́ ní Lincoln, níbi tó ti gbé ẹ̀kọ́ nípa ìtàn Áfíríkà kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ìpadàbọ̀ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe

Ní ọdún 1934, Zik padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilẹ̀kùn ń ṣí fún. Ó béèrè fún iṣẹ́ aṣojú lábẹ́ ìjọba Liberia, wọ́n sì kọ̀ nítorí pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn. Ó lọ sí Accra, ó di olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post, kí ó tó padà sí Èkó ní ọdún 1937 láti dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀, èyí tó di ohùn àwọn tó ń jà fún òmìnira. Ní ọdún 1944, òun àti Herbert Macaulay jọ wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀.

Ohun tí Aggrey ṣe fún un, òun náà ṣe é fún ẹlòmíràn. Kwame Nkrumah, tó wá di Ààrẹ Gánà, wà lára àwọn tó gba ìwúrí lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Accra. Ní ọdún 1935 ni òun náà wọ Yunifásítì Lincoln. K. O. Mbadiwe àti àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà mìíràn tẹ̀lé ipasẹ̀ kan náà.

Zik di Olórí Ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ní ọdún 1954. Ìjọba rẹ̀ ló pète Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, èyí tí a ṣí ní ọdún 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan láti Amẹ́ríkà. Ọmọ tó sọdá òkun nítorí pé kò sí yunifásítì nílé ti kó yunifásítì wá sílé. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1960, tó jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó di Gómìnà Àgbà. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1963, ó di Ààrẹ, ó sì wà nípò náà títí di oṣù Kìíní, ọdún 1966. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1996, ní ẹni ọdún 91. Títì ńlá kan ní Ìdúmọ̀tà, ní Erékùṣù Èkó, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ òde òní

Ìlànà ti yí padà láti ìgbà Zik, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí. Títí di òní, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ni yóò kọ́kọ́ gba akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò wo ẹ̀rí owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, kí ó tó fún un ní ìwé tí à ń pè ní I-20. Pẹ̀lú ìwé yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà láti béèrè fún físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, tàbí tó fẹ́ bá ni ṣe ayédèrú ìwé, Sekondi ló ń mú ni lọ.

Kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Zik ti bẹ̀rẹ̀: kí ó wádìí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á, kí ó kọ̀wé fúnra rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn òbí rẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá sì lọ, kí ó má gbàgbé ilé.