Johann Dieffenbach, oníṣẹ́ abẹ tó gbin irun orí ara rẹ̀ sí apá

Nínú gbogbo àwọn tó ń ná owó gọbọi lónìí nítorí pé orí wọn pá, ìwọ̀nba ló ti gbọ́ orúkọ Johann Friedrich Dieffenbach rí. Bẹ́ẹ̀, nígbà ayé rẹ̀, ekukáká lèèyàn fi lè rí ọmọdé nílùú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ a máa fi orúkọ rẹ̀ kọrin ní ìgboro. Iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, títún ẹ̀yà ara tó bàjẹ́ ṣe ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, ọdún 1792 ni wọ́n bí i ní Königsberg, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Prussia nígbà náà, èyí tó ti di Kaliningrad lábẹ́ Rọ́ṣíà báyìí. Ọmọ olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ tètè kú, ìyá rẹ̀ sì kó o lọ sí Rostock. Iṣẹ́ àlùfáà ló kọ́kọ́ wù ú, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì Rostock àti ti Greifswald. Ogun Napoleon ló da ètò náà rú. Dieffenbach yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó gbé ìbọn. Nígbà tó ti ogun dé, kò padà sídìí ìwàásù mọ́. Ìmọ̀ ìṣègùn ló dojú kọ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Königsberg àti Bonn, ó sì sin obìnrin afọ́jú kan, ọmọ Rọ́ṣíà, dé Paris, níbi tó ti rí bí àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ bíi Dupuytren àti Larrey ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọdún 1822 ló gba oyè dókítà ní Würzburg. Ohun tó kọ ìwé lé lórí ni bóyá ẹ̀yà ara tí a gé kúrò níbì kan lè yè bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Ó dán an wò lára ẹranko àti ẹyẹ, pẹ̀lú irun àti ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kan ara rẹ̀. Ó mú irun mẹ́fà láti orí ara rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́fà sí apá, ó sì ki irun kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀. Méjì gbẹ, méjì bá ojú egbò jáde, méjì yòókù sì mú.

Méjì nínú mẹ́fà kì í ṣe ohun tí alágbàṣe kan yóò fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa yóò rí i pé Dieffenbach kò dá irun tuntun kankan. Ó ṣí i nípò ni, ohun tí apá sì jèrè, orí ló pàdánù rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni irun gbígbìn ṣì wà di òní, pẹ̀lú gbogbo ìlọsíwájú tó ti bá a. Ní 1939, Shoji Okuda kọ̀wé ní Jàpáànù nípa bó ṣe gbin irun fún àwọn tí iná jó lórí, ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí àwọn òyìnbó tètè gbọ́. Ní 1952, Norman Orentreich bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní New York, ó sì fi hàn pé irun tí a gbé kúrò ní ìpàkọ́ kì í kọ ìwà ibi tó ti wá sílẹ̀: bó ṣe ń hù lẹ́yìn orí náà ni yóò máa hù níwájú.

Ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ orí, tí orí pípá kì í sábà mú, ló wá di àká. Irun tí wọ́n bá hú níbẹ̀ tòun ti gbòǹgbò kì í sì hù padà. Ìdì ìdì ni irun ń hù, ẹyọ kan sí mẹ́rin nínú ìdì kan. Ní ìpàkọ́ òyìnbó, nǹkan bí ìdì 80 ló máa ń wà ní ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan lóòró àti níbùú. Ti aláwọ̀ dúdú máa ń tó nǹkan bí 60. Ọ̀pọ̀ orí kò sì lè yọ̀ǹda ju nǹkan bí ìdì 6,000 lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé, bí ìpàkọ́ kò bá ní di korofo. Ẹni tó bá fẹ́ kí iwájú orí òun ki bíi ti ọmọ ọdún méjìdínlógún, àká rẹ̀ lè tán kí iṣẹ́ tó dé àtàrí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń lépa nǹkan bí ìdajì kíki ti àtijọ́, nítorí ojú kì í sábà rí i pé irun ti fọ́nká títí ìdajì rẹ̀ yóò fi lọ. Ọ̀dọ́ tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pá ló sì yẹ kó ṣọ́ra jù, torí kò tíì mọ ibi tí pípá náà yóò dúró. Ní ti aláwọ̀ dúdú, irun tó lọ́ kókó a máa bo àlàfo ju èyí tó nà lọ, àǹfààní ńlá nìyẹn. Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ náà tẹ̀ lábẹ́ awọ, abẹ sì lè tètè gé e dànù. Ojú egbò àwọn mìíràn a sì máa wú.

Dieffenbach kò fi irun ṣe iṣẹ́ jẹun. Ní 1823 ló dé Berlin, ní 1829 ó wọ ilé ìwòsàn Charité, ní 1832 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tó sì di 1840, òun ni wọ́n fi rọ́pò Carl von Graefe ní yunifásítì. Imú ló fi lókìkí jù. Àwọn tí àrùn tàbí idà ti jẹ imú wọn tán ń wá bá a, a sì máa gé awọ iwájú orí wọn, yí i wálẹ̀, kó fi mọ imú tuntun. Ìṣirò irun náà ló tún dé yìí, nítorí àpá kì í kúrò níwájú orí. Títí di 1847, ojú aláìsàn là sílẹ̀ kedere ni gbogbo èyí fi ń wáyé.

Ní 1839, ó gé iṣan ojú ọmọkùnrin ọdún méje kan tí ojú rẹ̀ kò gún, ojú náà sì tọ́. Kò pẹ́ tó fi ṣe irú rẹ̀ fún ẹni 1,200. Àṣeyọrí yìí ló jọ pé ó kó sí i lórí, torí ní 1841 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ahọ́n àwọn akólòlò. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ìrora pọ̀, òróró kò sí níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi pa ọ̀nà náà tì. Kò yẹ kí ẹni tó ń yìn ín fi èyí pamọ́.

Nígbà tí éítà, oògùn akunnilóorun, dé láti Amẹ́ríkà, Dieffenbach kò ṣe agídí àgbà sí i. Ó lò ó, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1847. Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún yẹn kan náà, ó kú lójijì nínú ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Berlin, lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́ni ọdún 55. Apá kejì ìwé ńlá tó kọ nípa iṣẹ́ abẹ kò jáde títí di 1848.