Kọ̀máńdáǹ Cousteau: bí apẹja ṣe di alágbàwí òkun

Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó ti ń wo télé Faransé láyé ọjọ́sí ló máa rántí bàbá tínínrín kan tó máa ń dé fìlà pupa. Jacques-Yves Cousteau ni. Ìtàn rẹ̀ la mú wá lónìí.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Saint-André-de-Cubzac, lẹ́bàá Bordeaux. Sójà orí omi ni, àmọ́ ọkọ̀ òfuurufú ló wù ú kó máa wà. Ní 1936, jàm̀bá mọ́tò ṣẹ́ ẹ lápá, iṣẹ́ yẹn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ń wẹ̀ nínú òkun Toulon kí apá rẹ̀ lè padà lágbára. Ibẹ̀ ló ti wọ awò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi, ló bá rí i pé ayé mìíràn ń bẹ nísàlẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀kọ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń gún ẹja.

Àìlèmí kì í jẹ́ kó pẹ́ lábẹ́ omi. Ní 1943, òun àti ẹnjiníà Émile Gagnan yanjú ìyẹn. Òmùwẹ̀ á gbé ìgò irin tí wọ́n ki afẹ́fẹ́ sí kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ wọn kì í tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ àfi tó bá fà á sínú, ó sì ń wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó. Orí ẹ̀rọ yẹn ni tòde òní dúró lé.

Fíìmù rẹ̀, Le Monde du silence, tí òun àti Louis Malle jọ ṣe, gba Palme d'Or ní Cannes ní 1956. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́: nínú fíìmù yẹn, wọ́n ju dínámáìtì sáàárín iyùn òkun láti lè ka ẹja ibẹ̀. Ọkọ̀ wọn, Calypso, ṣe ọmọ àbùùbùtán kan léṣe. Nígbà tí àwọn requin wá jẹ òkú rẹ̀, wọ́n fi ìbínú pa àwọn náà.

Ìwà rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó ń padà síbi tó ti wẹ̀ rí, ó sì ń rí i pé ẹja ti dín kù. Ní 1960, ó takò ètò láti da ìdọ̀tí átọ́míìkì sínú òkun Mẹditaréníà. Ní 1979, ọmọ rẹ̀ Philippe kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní Lisbon. Síbẹ̀ bàbá ò jáwọ́. Ó kó ìbuwọ́lù jọ kí wọ́n má bàa wa kùsà ní Antarctique, àwọn ìjọba sì fọwọ́ sí i ní Madrid ní 1991.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 1997 ló kú, lẹ́ni ọdún 87. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, omi òkun gbóná débi pé iyùn funfun ní ibi púpọ̀ láyé. Ẹ̀dá alààyè ni iyùn. Àwọn ohun alààyè kéékèèké bí ewé omi tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Tí omi bá gbóná jù, á lé wọn jáde, á funfun. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, á kú, ẹja á sì pàdánù ilé.

Tí a bá ń sọ ìtàn yìí fáwọn ọmọ wa, ká má fo dínámáìtì yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ pé ẹni tó ba nǹkan jẹ́ lánàá lè dìde láti dáàbò bò ó lónìí.