Samuel Johnson, Òpìtàn Yorùbá

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, ọdún 1846, ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí a sì kó lọ sí ibẹ̀. Ní ọdún 1858 àwọn òbí rẹ̀ kó tọmọtọmọ wá sí Ìbàdàn láti bá Hinderer ṣe iṣẹ́ ìhìnrere. Nígbà tí ó di ọdún 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìlú àwọn jagunjagun ni ọmọ náà gbé dàgbà. Lẹ́yìn tí ó ti kàwé ní Abẹ́òkúta, ó padà wá di olùkọ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1866, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọ ní Arẹ̀mọ.

Àwọn ọmọ-ogun ìgbà náà ní èdè tiwọn. Kì í ṣe gbogbo ogun ni wọ́n ń fi orúkọ ìlú pè. Ohun tí ojú wọn rí tàbí tí etí wọn gbọ́ ni wọ́n fi ń sọ òmíràn lórúkọ. Wọ́n pe ọ̀kan ní Gbánámú, bí ẹni pé iná ni wọ́n fi ọwọ́ gbá mú. Ní ọdún 1878, nígbà tí Ìbàdàn borí ọ̀tá ní Ìkìrun, àwọn tí ń sá lọ já lu odò Ọ̀tìn, púpọ̀ wọn sì bá omi lọ. Ogun náà di Jálumi. Ogun ńlá ti Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n pè ní Kírìjì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìró ìbọn ń dún láàrin òkè. Johnson kò ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ó kó wọn sínú ìtàn rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn ogun. Ní ọdún 1881 ó gbé iṣẹ́ Aláàfin lọ bá Gómìnà ní Èkó. Ní ọdún 1886 òun àti Charles Phillips ń lọ láti ibùdó kan dé èkejì títí a fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà.

Ní ọdún 1897 ó parí ìwé ìtàn rẹ̀. A fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1899, ṣùgbọ́n ó sọnù pátápátá. Johnson kú ní ọdún 1901 láì rí i mọ́. Obadiah àbúrò rẹ̀, tí í ṣe oníṣègùn, ṣa àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Ní ọdún 1916 àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ tí ó ń gbé e lọ lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1918 ni ìwé tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé. Obadiah náà kú ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà jáde.

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́, àbúrò tún un kọ, kò sí èyí tí ó rí i ní títẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nítorí làálàá wọn ni àwọn ọmọ Yorùbá fi mọ ìdí tí àwọn baba wọn fi sọ ogun ní Kírìjì àti Jálumi.