Louis Essen: Aago tó ṣe ló ta kò ó

Awakọ̀ tó bá tan fóònù rẹ̀ n'Ígbó Ẹfọ̀n pé kó júwe ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ fóun, àwọn aago tó wà nínú sátẹ́láìtì lókè lọ́hùn-ún ló ń bá a ṣiṣẹ́. Louis Essen ló ṣáájú nínú ṣíṣe irú aago bẹ́ẹ̀ tó ṣeé gbára lé.

Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1908. Lọ́dún 1929, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba, National Physical Laboratory, ní Teddington, gbà á síṣẹ́, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1972. Olórí kunkun ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré tó, iye tó rí sì fi kìlómítà 16 ju èyí táyé gbà lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò gbà á gbọ́. Kò yí ohùn padà, nígbà tó sì yá, tirẹ̀ ló jóòótọ́.

Ọdún 1955 lòun àti Jack Parry parí aago ọ̀hún. Ṣáájú ìgbà náà, yíyí tí ayé ń yí ni wọ́n fi ń wọn àkókò, bẹ́ẹ̀ ayé kì í yí dọ́gba. Átọ́ọ̀mù caesium ni Essen lò, pẹ̀lú ọgbọ́n Norman Ramsey, ará Amẹ́ríkà: wọ́n á fi ìgbì rédíò kan átọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe ń kọjá, ẹ̀ẹ̀kejì ló ń fi hàn bóyá àwọn méjèèjì ṣì jọ ń rìn. Láàárín 300 ọdún, aago náà kò lè fi ju ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣìnà. Lọ́dún 1967, àgbáyé fẹnu kò pé bí ìgbì caesium bá mì nígbà 9,192,631,770, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti pé nìyẹn.

Ibi tọ́rọ̀ ti di kàyéfì rèé. Essen kò gba ohun tí Einstein sọ, pé aago tó ń sáré àti èyí tó dúró kì í rìn bákan náà. Lọ́dún 1971 ló kọ ìwé kékeré ta kò ó. Lọ́dún yẹn kan náà, Hafele àti Keating gbé aago caesium mẹ́rin wọkọ̀ òfurufú yí ayé ká, èsì rẹ̀ sì bá ti Einstein mu. Essen ò gbà. Aago sátẹ́láìtì ń fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yá ju tilẹ̀ lọ lójúmọ́. Ó kéré létí, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ á ti rin kìlómítà 11 láàárín ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìṣirò Einstein ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Títí di 1988 ni Essen ṣì ń kọ̀wé ta ko Einstein. Ó kú lóṣù kẹjọ ọdún 1997. Aago rẹ̀ tó tóbi gan-an wà ní Science Museum, ní London; àwọn olùwádìí òde òní sì ti fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò ìgbì rédíò, wọ́n ń sa ipá kí aago wọn lè kéré débi tí ọkọ̀ ojú omi á lè gbé e.